Nọ́ńbà Kìíní àti Iṣu Méjìlélógójì

Ìbínú ni mo fi mọ Bọ́dúndé. Kí n tó mọ orúkọ rẹ̀, kí n tó mọ ilé tí wọ́n ti bí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ẹ̀yìn gbàgàdà kan tó wá dúró síwájú mi lórí ìlà ní ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Oníná ní Ìkẹ́rẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1958.

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn. Nígbà tí Pius akọ̀wé máa ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kọ́kọ́ máa bọ̀." Ni ẹlẹ́yìn gbàgàdà bá kọjá mi.

Mo fa ẹ̀wù rẹ̀. "Ìwọ, ṣé òpó lo rò pé mo jẹ́ ni? Mo ti wà níbí láti ìdájí. Bí o bá fẹ́ ṣáájú mi, kọ́kọ́ gbé mi kúrò nílẹ̀."

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà, ìyẹ̀fun pákó wà lórí rẹ̀ àti lọ́rùn rẹ̀, ó wò mí, ó sì bọ́ sẹ́yìn mi. Ó wá pariwo sí Pius pé, "Akọ̀wé, obìnrin yìí ló ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó kọ tèmi."

Bí èmi ṣe di nọ́ńbà kìíní nìyẹn, tí òun sì di nọ́ńbà kejì. Pius kọ orúkọ mi bí ẹni tó ń gbé àgbo mì.

Kí ẹ má baà rò pé obìnrin oníjà lásán ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́. Àwọn olóko kòkó àti àwọn tíṣà ìlú wa ló parapọ̀ dá Ẹgbẹ́ Oníná sílẹ̀, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì kan, wọ́n ri òpó, wọ́n ta wáyà. Kílówáàtì márùndínláàádọ́ta ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì náà. Ọgbọ̀n ti lọ fún gbólóòbù inú ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwòsàn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ṣẹ́kù fún àwọn tí wọ́n ń pè ní oníná ńlá, ìyẹn àwa tí a fẹ́ fi iná yí ẹ̀rọ. Èmi bèèrè mẹ́wàá fún ẹ̀rọ tí yóò máa rin ẹ̀gẹ́ fún gaàrí. Bọ́dúndé bèèrè méjìlá fún ẹ̀rọ tí yóò máa la pákó. Ẹni tó bá rí i gbà lára àwa méjèèjì, ẹnì kejì á máa wòran.

Ìwé òfin ẹgbẹ́ sì wà. Tíṣà Ọládipọ̀, alága, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Òfin ní bí nọ́ńbà bá ṣe tẹ̀ léra ni wọn yóò fi fúnni níná. Òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta nọ́ńbà rẹ̀ tàbí kó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Òfin ní láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀rọ àti ilé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà bọ́. Òfin Kẹrìnlá wá ní ilé kan, ìwé kan: bí obìnrin tó ń dúró de iná bá di ìyàwó ọkùnrin tó ń dúró de iná, ìwé obìnrin náà ti parẹ́, ti ọkọ nìkan ló kù.

Mo ka èyí tó kẹ́yìn yìí, mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń wá ọkọ? Ẹ̀rọ ni mo ń wá.

Ọwọ́ ìyá mi ni mo ń rò. Ogún ọdún ni ìyá mi, Janet, fi ń rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ti dán. Nígbà tí wọ́n ní kó tẹ̀ka sí ìwé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, inkì náà kàn tàn sórí ìwé bí ẹrẹ̀ ni, kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀. Akọ̀wé ìjọ ní kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ yẹn ni mo fi iṣẹ́ tíṣà tí mo ń ṣe sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ ìlà ni Bọ́dúndé ya ilé wa pẹ̀lú ọmọlanke tó kún fún pákó.

"Pákó tó tẹ̀ ni," ó ní. "N kò rí ẹni rà á. Mo ní bóyá yóò wúlò fún ilé ẹ̀rọ rẹ."

Mo gbé ọ̀kan, mo fi ojú kan wò ó láti ìdí dé orí. Kò sí ibi tó tẹ̀. Mo gbé òmíràn. Irọ́ ni ọkùnrin náà ń pa. Inú bí mi pé ó purọ́ fún mi, inú mi sì dùn sí irọ́ náà, n kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe.

"Kí ló dé tó o fi ń bá mi kọ́ ilé tí yóò gba iná mọ́ ọ lọ́wọ́?"

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì kejì ń bọ̀ lọ́dún mẹ́ta òní. A lè fi ayùn ọwọ́ la pákó fún ọdún mẹ́ta sí i. Mo ti rí ọwọ́ ìyá rẹ. Ọwọ́ yẹn kò lè dúró fún ọdún mẹ́ta."

Ẹ sọ fún mi, irú ọkùnrin báyìí, kí ni kí obìnrin ṣe sí i?

Felicia ni orúkọ ìrìbọmi mi. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí nílé, ìlú sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí wọn kò rí ibi tí mo ti ṣe nǹkan kan jẹ́jẹ́ rí. Bọ́dúndé nìkan ló ń pè é láìrẹ́rìn-ín. "Jẹ́jẹ́ mi, mú ìṣó wá." "Jẹ́jẹ́ mi, má gun àkàbà yẹn, jẹ́ kí n gùn ún." Kí a tó kan òrùlé, mo ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí ni mo fẹ́. Òun náà sọ tirẹ̀ fún mi níbi tí a ti ń kan fèrèsé, ìṣó mẹ́ta ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ tu ìṣó jáde kó tún un sọ. Ó tu wọ́n jáde, ó sì tún un sọ.

"Mo gbọ́," mo dá a lóhùn. "Mo fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n o mọ Òfin Kẹrìnlá."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Títí wọn yóò fi so wáyà mọ́ ẹ̀rọ mi, kò sí ìdána, kò sí obì. Bí iná bá ti wọlé, nọ́ńbà ti parí iṣẹ́ rẹ̀, òfin kò lè rí wa mú mọ́."

"Oṣù mẹ́rin ló kù," ó ní. "N ó dúró, olólùfẹ́ mi."

Ó lọ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Èmi sọ ọ́ fún ìyá mi. N kò sọ fún bàbá mi, Jacob, nítorí alàgbà ìjọ ni, ohun tó bá gbọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìjọ á gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo jẹ́wọ́ rẹ̀.

Lóṣù kọkànlá, mo lọ sí Ìbàdàn lọ gbé ẹ̀rọ mi. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò. Nígbà tí lọ́rì já mi sílẹ̀ ní Òdò-Ọjà, tèmi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi àpò dì, àwọn obìnrin àdúgbò ń kí mi: "Ìyàwó o! Ẹ kú oríire o!" Mo rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń kí mi fún. Mo dáhùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo tún rẹ́rìn-ín sí wọn.

Òórùn iṣu sísun ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Bàbá mi wọ agbádá láàárín ọ̀sẹ̀.

"Ùyàwó mi dé!" ó pariwo. "Wọ́n ti wá o, ọmọ mi. Àrẹ̀mú fúnra rẹ̀ ló ṣáájú wọn wá. Uṣu méjìlélógójì! Kò sí ẹyọ kan tó jẹrà nínú rẹ̀. Obì, orógbó, ataare, oyin, gbogbo rẹ̀ ló pé."

Àrẹ̀mú ni bàbá Bọ́dúndé.

"Bàbá, ẹ jẹ obì náà?"

"Kí ni kí n fi ṣe? Mo jẹ ẹ́. Gbogbo agboolé jẹ ẹ́. Ṣé kì í ṣe Bọ́dúndé tó ń bá ọ kọ́lé náà ni? Ulé tó dáa ni, ọmọ mi."

Lọ́dọ̀ tiwa, bí bàbá bá ti jẹ obì, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lè lọ lọ́dún mẹ́wàá sí i. Láti ọjọ́ obì ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní ìyàwó. Àrẹ̀mú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ ti jókòó sọ gbogbo àdéhùn wa fún! Ó ṣọ́ ọjọ́ tí mo kúrò nílé, tí ìyá mi náà wà lọ́jà. Ó mú iṣu kan àti obì kan nínú ẹrù ìdána náà, ó fi ránṣẹ́ sí Pius akọ̀wé, kí ìyẹn lè mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Pius ṣí ìwé ńlá rẹ̀ hàn mí. Ó ti fi inkì pupa fa ìlà gba orí orúkọ mi kọjá.

"Ẹ kú oríire, ìyàwó," ó ní. "Ọkọ yín ti di nọ́ńbà kìíní."

Bí kì í bá ṣe pé tábìlì wà láàárín wa, ǹ bá ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún ìtàn yìí. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Òkè-Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Bọ́dúndé ti ń la gẹdú. Inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ igi ló wà, òun ló ń fa ayùn nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun igi ń dà sórí rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó fi ayùn sílẹ̀.

"O mọ̀?" mo bi í.

Ó ń gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórí.

"Bọ́dúndé, mo ní ṣé o mọ̀?"

"Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé iṣu lọ ni bàbá mi sọ fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọ kì í bá bàbá jiyàn lórí obì. Mo rò pé bàbá rẹ yóò ní kí wọ́n dúró dè ọ́."

"O rò! O mọ ọ̀nà ilé wa. Gbogbo ọjọ́ ni o ń tọ̀ ọ́. Odindi ọjọ́ kan lo ní, o kò lè wá sọ fún bàbá mi pé kó má jẹ ẹ́?"

"Bàbá mi ni, Jẹ́jẹ́ mi…"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ gba iná lọ́wọ́ ìyá mi, ó fi iṣu dí wa lẹ́nu, ìwọ sì dákẹ́. Ó rọrùn fún ọ láti dákẹ́, àbí? Aya wọlé, iná wọlé. Ta ló rí irú èrè bẹ́ẹ̀ rí?"

Ó fẹ́ gun òkè jáde. Mo ní kó dúró síbẹ̀. Èyí tó bí mi nínú jù lọ ni pé mo ṣì fẹ́ kó jáde kó dì mí mú. Mo yí padà kí omijé tó bọ́ lójú mi, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ má baà rí i.

Mo kọ ìwé ẹ̀hónú sí ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí mẹ́ta àkọ́kọ́ kún fún èébú. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbìmọ̀ jókòó nínú ilé ẹ̀kọ́, ọkùnrin méje lórí àga, èrò sì kún ojú fèrèsé. Ilé ẹ̀rọ mi ti parí, ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù kí wọ́n so wáyà. Bí wọ́n bá gbè sẹ́yìn Pius lọ́jọ́ yẹn, irin lásán ni mo rà, ìyá mi yóò sì padà sídìí páànù.

Tíṣà Ọládipọ̀ ka ìwé mi sókè. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Felicia, o ní o kì í ṣe ìyàwó nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi ọ́ léèrè. Nílẹ̀ wa, ṣé ẹnu ọmọbìnrin ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ pé ó ti di ìyàwó?"

"Alága, nínú ìwé òfin yín, ẹ kọ 'ìyàwó.' Ẹ kò kọ 'ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ obì.'"

"Ohun kan náà ni," Pius sọ láti ìkángun.

"Bí ó bá jẹ́ ohun kan náà, ìwọ náà jẹ obì tí Àrẹ̀mú fi ránṣẹ́ sí ọ. Ṣé o ti di bàbá mi ni?"

Èrò hó yeè. Alága gbá tábìlì. Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Bàbá Felicia, ẹ jẹ obì tàbí ẹ kò jẹ ẹ́?"

Bàbá mi dìde. Nígbà yẹn ó ti mọ ohun tí wọ́n fi òun ṣe, ojú ń tì í, ṣùgbọ́n alàgbà ìjọ kì í purọ́. "Mo jẹ ẹ́," ó ní, ó jókòó.

Àrẹ̀mú ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti lọ ra abẹ ẹ̀rọ ìlapákó ní Àkúrẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀.

"Ó ku ẹnì kan," ni alága wí. "Obì tí wọ́n jẹ, ẹnì kan ló ni í. Bọ́dúndé, dìde. Ṣé ìyàwó rẹ nìyí?"

Ó dìde. Kò wo ibi tí mo wà. Mo sọ fún ara mi pé, ó tún máa sọ pé bàbá òun ni, ó tún máa sọ bẹ́ẹ̀.

"Rárá, sà," Bọ́dúndé ní. "Kì í ṣe ìyàwó mi."

Ó wá kọjú sí ìgbìmọ̀.

"N kò rán ẹnikẹ́ni ní obì. N kò fi orúkọ mi gbé iṣu jáde. Àdéhùn tí èmi àti òun ṣe kò tíì pé. Obìnrin yìí kì í ṣe ìyàwó mi lónìí, ẹ̀yin gbogbo ni ẹlẹ́rìí."

Àrẹ̀mú fò dìde. "Bọ́dúndé! Uná rẹ lò ń fọwọ́ ara rẹ pa yẹn o! Ṣé orí rẹ pé? Uná rẹ!"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Má sùn nínú ulé mi lónìí!"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Bàbá mi fi apá agbádá bo ojú. Bọ́dúndé dìde nínú ìpàdé, ó kọ èmi ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo Ìkẹ́rẹ́. Ohun tí etí tirẹ̀ gbọ́ nìyẹn. Èmi gbọ́ ohun mìíràn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí mi tó dùn tó "kì í ṣe ìyàwó mi" yẹn. Inú sì tún ń bí mi sí i, nítorí ó yẹ kó ti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, láàárín òun àti bàbá rẹ̀, nínú yàrá.

Ìgbìmọ̀ ní kí Pius tún orúkọ mi kọ. Mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán.

Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, iná wọ ẹ̀rọ mi. Agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi máa ń fi òwúrọ̀ dé ọ̀sán rin, ẹ̀rọ rin ín kí ó tó rí ibi jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n, kò mọ iṣẹ́ tí yóò fún wọn ṣe.

Bọ́dúndé ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ìlagi rẹ̀, ó ń fi ayùn ọwọ́ la pákó. Ọjọ́ kan ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ.

"Inú ṣì ń bí ọ?"

"Ó ń bí mi."

"Títí dìgbà wo?"

"N kò tíì mọ̀. Odindi ọjọ́ kan lo fi dákẹ́, Bọ́dúndé. Bóyá n ó fi oṣù kan bínú fún wákàtí kọ̀ọ̀kan."

"Oṣù mẹ́rìnlélógún nìyẹn, ìfẹ́ mi," ó ní. Ó ti ṣírò rẹ̀. "Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, n ó dúró. Èyí tí mo ṣe kò dáa, mo sì mọ̀."

Mo ní kó máa lọ, ẹ̀rọ ń pariwo, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló rán àgbà sí bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi lé wọn. "Ẹni tó kọ ọmọ mi lójú ùlú kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà mi." Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ tán ni ìbínú mi yí ojú sí ibòmíràn. Mo bá bàbá mi níbi tó ti ń jẹun.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ obì láìbi mí. Òun ló kọ̀ ọ́ kí n má baà pàdánù iṣẹ́ mi, ó sì pàdánù iná, ó pàdánù ilé bàbá rẹ̀. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló yẹ kí n lé?"

Bàbá mi gbé òkèlè dúró lófuurufú. Ó wo ìyá mi, bóyá ìyẹn á gbà á sílẹ̀.

"Jacob, dá a lóhùn," ìyá mi ní. "Ìwọ ni ó bi."

Ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe ń lọ sóko, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Kó wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé uṣu kankan dání. N kò fẹ́ fojú kan uṣu."

Wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé. Àrẹ̀mú pàápàá wá, nítorí ẹnu ìlú. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́, ó ń wo òrùlé. Bọ́dúndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀, ó sì fi obì kan ṣoṣo sínú àwo níwájú bàbá mi. Bàbá mi mú un, ó là á, ó gbé awẹ́ kan dé ẹnu. Ó dúró. Ó wò yíká títí ojú rẹ̀ fi kàn mí níbi tí mo jókòó sí láàárín àwọn obìnrin.

"Felicia," ó ní. "Ṣé kí n jẹ ẹ́?"

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Bọ́dúndé gbé orí sókè nílẹ̀. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà mo jẹ́ kí wọ́n dúró kí n tó dáhùn pé, "Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá."